“Dijú, kí o máa ro nǹkan mìíràn”: ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́?

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n ṣègbéyàwó nígbà tí màmá tó ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ìgbéyàwó fà mí sí kọ̀rọ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, bí kò bá wù ọ́ lálẹ́, má bá a fa ọ̀rọ̀. Dijú, kí o máa ro nǹkan mìíràn. Ohun tí Ọbabìnrin Victoria sọ fún ọmọ rẹ̀ nìyẹn, pé kó dijú kó máa ro Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.” Mo ní ẹ ṣé mà.

Ta ni èmi tí mo fẹ́ bá ọbabìnrin jiyàn? Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Pákó ni wọ́n fi ṣe àjà yàrá wa nígbà náà. Mẹ́tàdínlógún ni. Ìkejìlá ní kókó dúdú kan tó jọ ojú ẹyẹ. Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú o. Mi ò sọ fún un ni, kò sì mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ló bi mí pé, “Kí lo máa ń wò lókè yẹn gan-an?” Ni mo bá bú sẹ́kún. Òun náà ò sùn mọ́. A sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ wádìí ọ̀rọ̀ ọbabìnrin. Irọ́ ni. Kò sí ibì kan tí Victoria ti sọ irú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ wà títí dòní, ohun tó sì kọ lẹ́yìn tó fẹ́ Albert ní 1840, ayọ̀ ló kún inú rẹ̀. Ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n bí. Àwọn mìíràn ní obìnrin ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì kan, Lady Hillingdon, ló kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ ní 1912, àmọ́ ìwé ọ̀hún, kò sẹ́ni tó rí i. Èyí tó pẹ́ jù tí mo rí ni ìtàn kan tí ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1943, nípa ilé Stanley Baldwin, tó ti ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí. Ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde, ó bi ìyá rẹ̀ pé bí ó bá fẹ́ fẹnu kò mí lẹ́nu ńkọ́? Ìyá ní kó ṣe bí òun náà ti ṣe, kó dijú kó ro Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìfẹnukonu o! Àwàdà lásán. Lónìí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ nípa ohunkóhun tí èèyàn kàn fẹ́ fara dà kó lè parí. Èmi ni mo fi ẹ̀fẹ̀ ẹlẹ́fẹ̀ ṣòfin inú ilé mi.

Àmọ́ ká má tan ara wa, nǹkan kan wà lẹ́yìn ẹ̀fẹ̀ náà. Adájọ́ kan tó ń jẹ́ Matthew Hale kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1736 lẹ́yìn ikú rẹ̀, pé ọkọ kò lè jẹ̀bi ìfipábánilòpọ̀ lórí aya rẹ̀, nítorí ọjọ́ ìgbéyàwó ni aya ti fi ara rẹ̀ jìn. Ọdún 1991 ni House of Lords, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ nígbà náà, tó wá da ọ̀rọ̀ yẹn nù ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. 1991! Ọ̀pọ̀ yín tó ń ka èyí ni wọ́n ti bí nígbà yẹn. Ẹ̀jẹ́ ìgbọràn tí ìwé àdúrà ìjọ wọn ti ń gbé lé ìyàwó lẹ́nu láti 1549 náà kò dúró sójú kan: Elizabeth, tó di ọbabìnrin lẹ́yìn náà, jẹ́ ẹ níbi ìgbéyàwó rẹ̀ ní 1947, Diana fò ó nígbà tó fẹ́ Charles ní 1981.

Ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 7 ńkọ́? Ìdajì ni wọ́n kà fún mi, pé aya kò ní àṣẹ lórí ara rẹ̀ bí kò ṣe ọkọ. Wọ́n wá pa ìwé dé. Ìgbà tí mo ṣí i fúnra mi ni mo rí i pé ẹsẹ kan náà ń bá a lọ, pé ọkọ pẹ̀lú kò ní àṣẹ lórí ara tirẹ̀ bí kò ṣe aya. Ní ẹsẹ 3 tó ṣáájú, ọkọ gan-an ló kọ́kọ́ bá wí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á parí. Ẹ pe ọkọ náà wá síbẹ̀. Ìwọ tí wọ́n sì ń sọ fún, béèrè ẹni tó sọ ọ́, àti bóyá ẹ̀rín ló ń rín nígbà tó ń sọ ọ́.

Nígbà tó kan àbúrò mi obìnrin, màmá kan náà ló fà á sí kọ̀rọ̀. Mo ti kọ́ ọ sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé mà. Ta ló sọ fún ẹ̀yin, mà?”

Màmá dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ìyá ọkọ mi ni.”