Mo Wo Arsenal Láti Ẹ̀yìn Ògiri

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti dé pápá Arsenal rí, kó lọ bèèrè lọ́wọ́ Alága tó ni ilé ìwobọ́ọ̀lù àdúgbò wa ní Ìgbọ̀nà. Ṣùgbọ́n kó ní sùúrù kí Alága kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tán.

Ọ̀rọ̀ èmi àti Arsenal kì í ṣe ti àná. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1999 ló ti bẹ̀rẹ̀, nínú palọ̀ bàbá mi ní Òṣogbo níbí, lórí rédíò. Chelsea ti gbá góòlù méjì sáwọ̀n Arsenal, Bàbá ti fi ìbínú dìde lọ ṣe àlùwàlá Alásàrí. Kí wọ́n tó ka tẹ̀súbáà tán, Nwankwo Kanu ti dá gbá mẹ́ta wọlé, Arsenal ti jáwé olúborí, 3–2. Mi ò rí ọ̀kankan nínú góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, etí ni mo fi gbọ́ wọn. Ó yẹ kí n ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé etí ni wọ́n kọ mọ́ mi, kì í ṣe ojú.

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní kí n wá ṣe ìkómọ. Inú mi dùn sí ọmọ tuntun, n ò purọ́, àmọ́ ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé báwo ni ilé rẹ̀ ṣe jìnnà sí pápá Arsenal tó. Ọkọ rẹ̀ bá mi wá tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ̀, nítorí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tà á fún. Kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé o, inú fóònù ló ń gbé. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Bí tíkẹ́ẹ̀tì ṣe jẹ́ tèmi báyìí, ẹnu mi ò gbé ibì kan mọ́. Mo lọ sí ilé ìwobọ́ọ̀lù, mo dìde láàárín èrò, mo ní, “Ẹ máa wò mí lórí tẹlifíṣọ̀n o! Fìlà àdìrẹ aláró ni màá dé, kẹ́ ẹ lè tètè dá mi mọ̀.” Pápá náà ń gba èèyàn tó lé ní 60,000. Kò sí ẹni tó bi mí bí wọ́n ṣe fẹ́ rí fìlà kan láàárín gbogbo orí yẹn. Àmín ni wọ́n ń ṣe.

Nígbà tó ku ọ̀la tí màá gbéra, Màmá Onírú gbé àpò Gáná-mọ́sí-gò kan wọlé tọ̀ mí wá.

“Tíṣà, ọmọ mi ni kí o bá mi fún. Kò rí ọbẹ̀ gidi jẹ níbẹ̀.”

Àdìrẹ ìró méjì ló wà nínú rẹ̀, àti irú wooro tí wọ́n fi ọ̀rá méje wé. Ẹ̀yin náà mọ irú. Ọ̀rá méje ò tó láti pa á lẹ́nu mọ́.

Èmi àti ọmọ Màmá Onírú ti jọ ṣàdéhùn: aago méjì ọ̀sán Sátidé, nítòsí pápá, kó gba ẹrù rẹ̀, kí èmi wọlé lọ jókòó. Aago méjì kọjá, mi ò rí i. Mo pè é.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì. Mo ti dé tán.”

Mo sì ń gbọ́ tí epo ń ta ṣàà lẹ́yìn rẹ̀. Bọ́ọ̀sì wo ni wọ́n ti ń dín dòdò?

Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú sí aago mẹ́ta, mo ní kí n kúkú gbé àpò náà wọlé. Ọ̀gbẹ́ni tó ń yẹ ẹrù wò lẹ́nu ọ̀nà wo àpò, ó wo èmi náà. Ohun tó bá ti tóbi ju ìwé A4 lọ ò gbọdọ̀ wọlé. Ó tún fa síìpù rẹ̀ díẹ̀, ó yọjú sínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó rọra fa síìpù náà padà bí ẹni pé ọmọ ìkókó ló ń sùn síbẹ̀. Mo ní oúnjẹ ni. Ó bi mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ó ti tó ọjọ́ mélòó tó ti kú.

Mo padà síta. Ère Thierry Henry wà níbẹ̀, ibi tó ti fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe tó bá gbá góòlù. Mo dúró tì í. Òun ń yọ̀, èmi gbé irú dání. Òtútù oṣù Kọkànlá sì ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú eegun. Fèrè dún, gbogbo pápá bú sórin, ìta dá páropáro.

Bóyá ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò wò ó lórí fóònù. Wọn kì í fi bọ́ọ̀lù aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní Ìlú Ọba. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí àwọn èèyàn má bàa jókòó sílé, kí pápá àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké wá ṣófo. Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Ìgbọ̀nà ń rí Arsenal kedere, èmi tó jẹ́ ògiri nìkan ló là wá láàárín ò rí nǹkan kan.

Ìgbà yẹn ni mo pe Alága.

“Tíṣà! Ṣé o ti wọlé?”

Mi ò mọ ohun tó ṣe ẹnu mi. “Àá, Alága, ó ti pẹ́! Ibi tí mo jókòó sí sún mọ́ wọn débi pé mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí.”

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, pé ohùn àwọn èèyàn mi ni mo fẹ́ máa gbọ́. Irọ́ ni, ohùn kọmẹ́ńtátọ̀ ni mo ń wá. Nǹkan tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ wá ṣẹlẹ̀. Ariwo pápá ló ń kọ́kọ́ dé etí mi, tiwọn tó ń gba ojú sánmà lọ kò tíì dé Òṣogbo. Gbogbo pápá ké “Úúù!” Mo ní, “Háà, ó yẹ̀ ẹ́ díẹ̀!” Ó tó ìgbà tí èèyàn lè mí lẹ́ẹ̀mejì kí ilé ìwobọ́ọ̀lù tó ké “Úúù!” tiwọn. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ní, “Tíṣà mà wà nínú ẹ̀ lóòótọ́ o!”

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bọ́ sí abala kejì. Mo tún pe ọmọ Màmá Onírú lórí fóònù mi kékeré. Ó ní ó ku ibùsọ̀ kan.

Ní Òṣogbo, wọ́n mú iná lọ.

Mo gbọ́ ìpayà. Mo gbọ́ tí wọ́n ń fa jẹnẹrétọ̀, tí kò dáhùn. Mo gbọ́ tí wọ́n rán ọmọ kan ní epo. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Alága lórí gbohùngbohùn: “Ẹ jókòó! Ẹ má bèèrè owó yín! Tíṣà wà nínú pápá, á máa sọ bó ṣe ń lọ fún wa!” Ó gbé ẹnu gbohùngbohùn ti fóònù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ bá ṣe? Mo ti wọ̀ ọ́ dé ọrùn. Mo kọjú sí ògiri, mo bẹ̀rẹ̀.

“Saka ti gbà á… Saka sá lọ lápá ọ̀tún… ó ta ẹnìkan nù… ó ta èkejì nù…”

Saka nìkan ni mò ń fún ní bọ́ọ̀lù. Ọmọ wa ni, orúkọ rẹ̀ ò le lẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó máa bá mi jiyàn ní Òṣogbo pé Saka ò lè ta èèyàn nù. Bí pápá bá kùn, mo ní Saka fẹ́ gbá a. Bí wọ́n bá pòṣé, mo ní rẹfirí ò rí i. Mo tilẹ̀ bá kóòṣì sọ̀rọ̀ láti ibi tí mo dúró sí. Bàbá òyìnbó kan tó ń rìn kọjá pẹ̀lú ajá rẹ̀ dúró wò mí, fìlà àdìrẹ lórí, àpò lẹ́sẹ̀, tí mò ń pariwo mọ́ ògiri. Ó fa ajá rẹ̀ sún mọ́ra.

Lójijì, ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Irú ariwo yẹn, góòlù nìkan ló ń mú un wá.

“Góòlùùù! Saka! Ẹsẹ̀ òsì! Igun òkè lọ́hùn-ún!”

Ìgbọ̀nà dàrú. Mo ń gbọ́ ìjó, mo ń gbọ́ tí bẹ́ǹṣì ń ṣubú, mo ń gbọ́ tí ẹnìkan ń pe oríkì Saka, èyí tí mo gbà pé ojú ẹsẹ̀ ló hun ún. Ojú ẹsẹ̀ náà ni jẹnẹrétọ̀ dáhùn. Ìjó rọra ń kú díẹ̀díẹ̀. Alága tún sún mọ́ fóònù.

“Tíṣà.”

“Ẹ ò rí nǹkan, Alága?”

“À ń wò ó. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fáwọn ọ̀tá ló gbá a sílé ara wọn. Saka wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó da ẹ̀wù òtútù bo ara.”

Mo fẹ́ sọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ ni. Bóyá wọn ì bá gbà. Ṣùgbọ́n ẹnìkan fi ohùn tó tó ti bẹ́líńjà ké láti ẹ̀yìn mi, ó sì ti dé orí gbohùngbohùn Alága kí n tó fọwọ́ bo fóònù:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má bínú! Mo mà jẹ́ kẹ́ ẹ dúró síta látọ̀sán!”

Mi ò lè ṣàpèjúwe ẹ̀rín tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà. Mo já fóònù, mo ju àpò fún un, mo sáré gba ẹnu ọ̀nà lọ. Mo gbé fóònù síwájú ẹ̀rọ tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Fóònù tó ti ń ṣe kọmẹ́ńtárì fún gbogbo Ìgbọ̀nà látàárọ̀ tàn fírí, ó sì kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ Màmá Onírú ní òun ní pawabáǹkì. Ó wà nílé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ síítóòfù.

Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń jáde, tí wọ́n ń sáré kí wọ́n lè ṣáájú èrò dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹnìkan rí fìlà mi, ó na ọwọ́ sí mi pé a ti borí. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo ní góòlù náà dára.

Nígbà tí mo padà sí Òṣogbo, Màmá Onírú ló kọ́kọ́ wá kí mi. Wọ́n ní irú dé láìkù síbì kan, pé ọmọ àwọn ní mo ṣọ́ ọ dáadáa. Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sí ilé ìwobọ́ọ̀lù. Alága gba owó mi, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n sì mú mi yí ilé náà po dé ẹ̀yìn fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, níbi tí wọ́n ti gbé àga kan sí tó dojú kọ ògiri.

“Jókòó, Tíṣà,” ni wọ́n wí. “Tí ó bá ti wọlé, o ó gbọ́.”