Kí ilé-ìwé tó pe òbí lórí ọ̀rọ̀ ọkàn ọmọ

Bí nọ́ńbà ilé-ìwé bá ti hàn lórí fóònù, nǹkan méjì péré ló máa ń wá sọ́kàn òbí: owó ilé-ìwé ni, tàbí ọmọ ti ṣẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ mọ́ àwọn ilé-ìwé tó fẹ́ kí àwọn àti òbí jọ mójú tó ìlera ọpọlọ ọmọ. Wọn kì í pe òbí àfi ìgbà tí nǹkan bá ti dójú ẹ̀, wọ́n á wá máa sọ pé àwọn òbí Ìlọrin kì í yọjú. Òbí máa ń yọjú. Bí a ṣe pè wọ́n, àti ohun tí a pè wọ́n sí, ló ń lé wọn sẹ́yìn.

Ẹ wo orúkọ ìpàdé ná. Bí ìwé bá dé ilé tó ní "ìpàdé lórí ìlera ọpọlọ", wèrè ni ọ̀pọ̀ ìyá máa kà níbẹ̀. Ta ló fẹ́ kí aládùúgbò rí òun níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ wèrè, nígbà tó mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, wọ́n á wá wádìí ìdílé òun kí wọ́n tó fẹ́ ọmọ òun? A ò lè dá wọn lẹ́bi. Lunacy Act ti 1958, òfin tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń lò, orúkọ wèrè ló ń jẹ́ títí Ààrẹ Buhari fi buwọ́ lu òfin tuntun ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ẹ kọ "ìpàdé lórí oorun, ìrònú àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa". Irọ́ kọ́. Èdè wa kún fún ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ọ́: ìdààmú ọkàn, ìrẹ̀wẹ̀sì, ọdẹ orí. Ọmọ tó ń sọ pé nǹkan ń rìn lórí òun, tàbí tí inú ń run ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó lè má mọ ọ̀nà míì tó máa gbà sọ pé ọkàn òun ò balẹ̀.

Ó kan àkókò. Ọ̀sán Jímọ̀ ò ṣeé lò. Sátidé, ìnáwó ni. Òwúrọ̀ Sọ́ńdè, àwọn kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan wà ní àsálátù. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ò bá ìyá tó ń tajà ní Ìpàtà tàbí Ọjà-Ọba mu, torí ìgbà yẹn lọjà ń kún. Èyí tí mo fara mọ́ ni òwúrọ̀ Túsìdeè tàbí Wẹ́sìdeè, láago méje ààbọ̀ tí wọ́n ń mú ọmọ wá, kó má sì ju ìṣẹ́jú 45 lọ. Ní Àjàṣẹ́-Ìpo tàbí Omù-Àrán, ẹ ka ọjọ́ ọjà kẹ́ ẹ tó dá ọjọ́. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Bó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, kí tíṣà kíláàsì fi ohùn rẹ̀ sórí WhatsApp ní Yorùbá, torí ẹni tí kò lè kàwé máa gbọ́ ohùn. Ẹ má pe gbogbo ilé-ìwé pọ̀. Níbi tí ọ̀ọ́dúnrún òbí bá jókòó sí, àwọn tó máa ń sọ̀rọ̀ ní PTA náà ni yóò tún sọ̀rọ̀. Kíláàsì kan lẹ́ẹ̀kan, òbí 25 sí 30, ká tò àga yípo. Mo bẹ yín, ẹ má mẹ́nu kan owó níbẹ̀, ì báà jẹ́ náírà kan. Tí a bá fi ọ̀rọ̀ owó PTA kún un lẹ́ẹ̀kan péré, ìpàdé kejì ti kú nìyẹn.

Ẹ fi ìṣirò oorun bẹ̀rẹ̀, kí àwọn òbí fúnra wọn ṣe é lójú pátákó. Ọmọ JSS3 jí láago márùn-ún fún àsùbáà. Ó parí ilé-ìwé láago méjì, ó ṣe lẹ́sìn di mẹ́rin, ó lọ ilé kéú di mọ̀gàríbì. Ó délé, ó fọ abọ́, ó bá ìyá rẹ̀ pátẹ, ó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ó tẹ fóònù díẹ̀. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ló sùn. Wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ni. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò wákàtí 8 sí 10; èyí tó wà láàárín ọdún 6 sí 12 nílò 9 sí 12. Ẹ kọ wákàtí tó sùn àti èyí tó nílò sórí pátákó, kẹ́ ẹ dákẹ́. Ibi tí àwọn tíṣà ti máa ń ṣì í rèé: wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bá òbí wí pé wọ́n ń fi iṣẹ́ pa ọmọ. Ẹni tí a bá wí lójú àwùjọ kò ní padà wá. Ìbéèrè kan péré ló kù: wákàtí wo la lè yọ nínú èyí? Ẹ ó rí i pé àwọn òbí ló máa dá a lóhùn láàárín ara wọn.

Kí ìpàdé tó tú ká, ẹ sọ fún wọn pé nínú ọmọ méje tó wà láàárín ọdún 10 sí 19 lágbàáyé, ọ̀kan ní ìṣòro ìlera ọpọlọ, gẹ́gẹ́ bí àjọ ìlera àgbáyé ṣe sọ. Bá a bá fi wé kíláàsì ọmọ 42, ó tó mẹ́fà. Èyí máa ń mú ìtìjú fúyẹ́, torí kì í ṣe ọmọ ẹnì kan là ń sọ.

Àmọ́ ta gan-an ni òbí? Nọ́ńbà bàbá tó wà nínú rẹ́jísítà lè jẹ́ ti ẹni tó wà ní Èkó láti ọdún mẹ́ta, kí ọmọ sì máa sùn lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ìbéèrè tó yẹ kó wà lórí fọ́ọ̀mù ni: "Ta ló ń sùn nínú ilé kan náà pẹ̀lú ọmọ yìí?" Ẹni yẹn lẹ ó pè. Ẹ pe bàbá náà lọ́tọ̀, torí bí ẹ bá fi iṣẹ́ rán ìyá sí i, "ẹ jọ máa ṣe é" ló máa sọ. Àfáà ilé kéú náà ń rí ọmọ lójoojúmọ́, ó sì yẹ kó mọ ohun tí a ń ṣọ́.

Ohun tí a ń ṣọ́ ò ju mẹ́rin lọ: oorun, oúnjẹ, ọ̀rẹ́, ìwé. Kí òbí ra ìwé kékeré kan, kó máa kọ ìlà kan lálaalẹ́ fún ọjọ́ 14. "Ajé: kò jẹ àmàlà, ó ní òun ti yó. Túsìdeè: ó jí láago méjì òru, ó jókòó. Wẹ́sìdeè: Sọfíà wá pè é, kò jáde." Ẹni tí kò lè kọ ọ́ lè fi ohùn gbà á sórí fóònù. Ọjọ́ kan tí ọmọ fajú ro kì í ṣe nǹkan. Tó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì lọ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e dìde. Ìwé kékeré yẹn ni nọ́ọ̀sì tàbí dókítà máa kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, bí òbí kò bá kọ ọ́, "ó ti pẹ́ díẹ̀" nìkan ló máa rí sọ.

Bó bá wá di pé a fẹ́ pe òbí lórí ọmọ kan, gbólóhùn àkọ́kọ́ ló ṣe kókó: "Ìyá Rafíù, ẹ kú ọjà o. Àlàáfíà ni, Rafíù ò ṣẹ ẹnikẹ́ni." Bí ẹ ò bá sọ èyí, wọ́n lè nà án kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí: "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kì í bá wọn ṣeré mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò jẹun ọ̀sán." Ẹ má sọ ọmọ lórúkọ àìsàn, iṣẹ́ tíṣà kọ́. Ẹ wá béèrè: "Kí lẹ̀yin ń rí nílé?" Kẹ́ ẹ dúró. Kó pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn kì í ṣe àrífín, wọ́n ń rò ó ni.

Kí ọmọ ti mọ ohun tí ẹ máa sọ fún ìyá rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé, kánsẹ́lọ̀ àti tíṣà kíláàsì nìkan ló yẹ kó gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ WhatsApp gbogbo òbí láé. Bí ọmọ bá sọ pé ẹni tó ń ṣe òun níbi wà nílé, ẹ má pe ẹni yẹn; ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé lẹ máa gbà lọ.

Bí ọmọ bá ní ayé ti sú òun, tàbí tó ń pín ẹrù rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíì, ọjọ́ náà gan-an lẹ máa pe òbí, kó wá mú un fúnra rẹ̀. Ẹ bi ọmọ léèrè gbangba bó bá ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Bíbi í ò ní gbé e sí i lọ́kàn. Kí òbí ti oògùn inú ilé mọ́lẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, pàápàá lápá Ìgbómìnà tí gálọ́ọ̀nù oògùn apakòkòrò àti oògùn koríko oko máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí wọ́n má fi ọmọ sílẹ̀ lóun nìkan, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ka Behavioural Sciences, tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, wà ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin.

Ọ̀pọ̀ á fẹ́ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àfáà tàbí pásítọ̀. Ẹ má bá wọn jà, ẹ ní kí àdúrà àti dókítà jọ máa lọ. Nígbà tí Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta ní 1954, ó ní kí aláìsàn mú ìbátan kan dání, kí wọ́n jọ máa gbé nínú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ìdílé wà lára ìtọ́jú nílẹ̀ yìí tipẹ́.

Ti bọ́dìn yàtọ̀, irú èyí tó pọ̀ ní gúúsù Kwara, torí ọjọ́ ìbẹ̀wò nìkan lòbí ń rí ọmọ. Kí tíṣà sọ fún un kó gbé kúlà oúnjẹ sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí òun àti ọmọ rọra rìn yí pápá ká. Ọmọ máa ń sọ̀rọ̀ bó bá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, tí ojú ò ko ojú. Kí nọ́ńbà kánsẹ́lọ̀ ti wà lórí fóònù òbí kó tó wọ mọ́tò padà, torí ìdúró ẹnu géètì ni ọmọ míì ti máa ń sọ èyí tó wà nínú rẹ̀.