Ẹ dúró de nọ́ńbà kejì: ohun tí mo kọ́ nípa èsì HCG

Àwọn obìnrin tó mọ̀ pé mo ti la ọ̀rọ̀ èsì ẹ̀jẹ̀ HCG, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi oyún hàn, kọjá máa ń ya fọ́tò ìwé lábù wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ìbéèrè kan náà ni: "Àǹtí, ṣé nọ́ńbà yìí dáa?" Èmi náà á bi wọ́n pé èkejì dà? Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè sọ bóyá oyún ń dàgbà. Bí ó ṣe rìn láti àkọ́kọ́ dé èkejì ni dókítà ń wò.

Akúrẹ́ ni mò ń gbé, ní ọ̀nà Ọ̀dà. Oyún mi àkọ́kọ́ wálẹ̀ kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, nítorí náà nígbà tí tẹ́ẹ̀sì ìtọ̀ tí mo rà ní kẹ́mísì tún fa ìlà méjì, dókítà ní ìlà yẹn nìkan kò tó òun. Ó kọ tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ fún mi, ó sì fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ "quantitative". Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yẹn o. Oríṣi méjì ni tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ oyún. Ọ̀kan á kàn sọ pé oyún wà tàbí kò sí. Èkejì, tí wọ́n sábà máa ń kọ beta HCG sí lórí, ló ń ka iye HCG tó wà nínú ẹ̀jẹ̀; òun ni "quantitative" yẹn. Bí ẹ bá dé lábù tí ẹ kàn ní "PT ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe" (PT ni tẹ́ẹ̀sì oyún), ti àkọ́kọ́ ni wọ́n lè ṣe fún yín. Owó ti lọ nìyẹn, dókítà á sì tún dá yín padà. Ẹ kò nílò láti gbààwẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ẹ jẹun yín.

Ohun tó máa di ibi-ọmọ ló ń ṣe HCG, látìgbà tí oyún bá ti lẹ̀ mọ́ ara ilé-ọmọ. Obìnrin tí kò lóyún, tirẹ̀ kì í sábà tó 5. Bí ó bá ju 25 lọ, oyún sábà máa ń wà. Bí ó bá bọ́ sáàárín, ẹ má tíì jó, ẹ má tíì sunkún, wọ́n á tún un ṣe.

Ibi tó máa ń dẹ́rù bani jù ni tábìlì tí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé èsì. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, 5 sí 426. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, 18 sí 7,340. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, 1,080 sí 56,500. Ẹ wo bí ó ṣe fẹ̀ tó! Obìnrin méjì lè wà ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kí ọ̀kan ní 200, kí èkejì ní 6,000, kí oyún àwọn méjèèjì sì dá ṣáṣá. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn ni wọ́n sì ti ń ka ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ̀yin àti ọkọ jọ sùn. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó dé lè rò pé òun ti wà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí oyún má sì tíì ju ọ̀sẹ̀ kẹrin lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bá ẹnikẹ́ni fi èsì tirẹ̀ wé ti aládùúgbò.

Nọ́ńbà tèmi àkọ́kọ́ jẹ́ 96. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó di 171. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ló ti sọ fún mi pé ó gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì, 171 kò sì tó ìlọ́po méjì 96. Oorun kò kun ojú mi lóru ọjọ́ yẹn. Ìgbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ̀rín ló rín. Ó ní òótọ́ ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, HCG sábà máa ń di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, àmọ́ kì í ṣe òfin. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà aboyún ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ACOG, kọ ọ́ sínú ìlànà wọn ní 2018 pé bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ kò bá tó 1,500, ìdá 49 nínú 100 ni ó kéré jù tí a retí kí ó fi lé sí i láàárín wákàtí 48. Bí ó bá wà láàárín 1,500 sí 3,000, ìdá 40. Bí ó bá ju 3,000 lọ, ìdá 33. Ó fi kákúlétọ̀ hàn mí: 96 tó bá ti di bí 143, ó ti kọjá ẹnu ààlà. Tèmi ti ré e kọjá dáadáa. Ọmọ náà ti ń wọ aṣọ iléèwé báyìí.

Ẹjọ́ àbúrò mi obìnrin tó wà ní Oǹdó yàtọ̀. Tirẹ̀ kúrò ní 640, ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ó jẹ́ 790. Ó pè mí, inú rẹ̀ ń dùn: "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti gòkè o." Mo ní kí ó gbé ìwé náà padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí kò lé tó ìdá 25. Ìrora ti ń dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn kan, ó ń pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, ẹnì kan sì ti po àgbo sílẹ̀ dè é. Oyún náà kò wọ ilé-ọmọ, inú túùbù tí ẹyin obìnrin ń gbà dé ilé-ọmọ ló jókòó sí. Wọ́n tètè ṣiṣẹ́ abẹ, ó sì yè. Bí nọ́ńbà bá ń gòkè bí ẹni tí kò fẹ́ lọ, ó lè jẹ́ irú èyí, ó sì lè jẹ́ oyún tó fẹ́ bàjẹ́. Àmọ́ bí ikùn bá ń ro yín lápá kan, tí èjìká ń dùn yín láìnídìí, tí òòyì ń kọ́ yín tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń wá, ẹ má dúró de nọ́ńbà kankan. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, ìbáà ṣe òru.

Nọ́ńbà gíga náà ní tirẹ̀. Nígbà tí tèmi wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìyá ọkọ mi ti ń kí mi, "Ìyàwó mi, ìyá ìbejì!" Mo ní, "Àmín, Màmá," kí n tó mọ̀ pé HCG kò lè ka orí ọmọ. Ó lè ga nítorí ìbejì, ó lè jẹ́ pé a ka ọ̀sẹ̀ ṣì, ó sì lè jẹ́ irú oyún tí ibi-ọmọ ń hù ségesège láìsí ọmọ gidi níbẹ̀. Skáànù ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí HCG bá sì ti kọjá 3,500, tí skáànù ojú ara kò rí nǹkan kan nínú ilé-ọmọ, dókítà á fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ kíá. Láti bí ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkọkànlá, HCG á dé òkè téńté, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń sanwó tẹ́ẹ̀sì yìí lẹ́yìn ìgbà yẹn láìjẹ́ pé dókítà ní kí ó ṣe é, ìpayà ló ń fowó rà.

Ẹ sọ ohun tí ẹ ń lò fún lábù. Biotin tí àwa obìnrin ń gbé mì nítorí irun àti èékánná lè da èsì àwọn ẹ̀rọ kan rú. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ HCG nínú ìtọ́jú àtirọ́mọbí, abẹ́rẹ́ náà lè wà lẹ́jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ó sì jọ oyún. Ẹni tí oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wálẹ̀, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí tirẹ̀ tó padà sódo.

Lábù kan náà ni kí ẹ ti ṣe méjèèjì, torí ẹ̀rọ lábù kan lè ka ẹ̀jẹ̀ kan náà yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ẹ kọ wákàtí tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sórí ìwé. Ẹ̀yin tó ń ti Ìdànrè tàbí Ìta-Ògbólú wọ Akúrẹ́ wá, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka beta HCG tàbí wọ́n máa ń gbé e lọ síbòmíràn. Ẹ sì ṣírò ọjọ́ yín: bí ẹ bá ṣe ti àkọ́kọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Àìkú ni wákàtí 48 máa pé, ọ̀pọ̀ lábù á sì ti tì.