Rìtíríìtì ọjọ́ mẹ́ta àti irọ́ télọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tó bá di Ọjọ́bọ̀ ẹ ò ní rí mi lórí WhatsApp mọ́, ẹ má rò pé nǹkan ṣe mí o. Mò ń lọ fún rìtíríìtì, ìyẹn kéèyàn fi ilé àti iṣẹ́ sílẹ̀ lọ dá wà pẹ̀lú Ọlọ́run nínú àdúrà, ní Ọ̀yọ́, nílé àwọn sístà kan, àwọn obìnrin Àgùdà tí wọ́n fi ayé wọn fún Ọlọ́run tí wọn ò lọ́kọ, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ìdákẹ́jẹ́ ni láti àárọ̀ dalẹ́, àfi tá a bá wà ní Míísà tàbí téèyàn bá lọ bá Fadá.

Màmá Bọ̀lá tá a jọ ń gbé ilé kan náà ní Takie níbí ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ẹ mọ̀ pé ìlú àwọn Onítẹ̀bọmi ni Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn pásítọ̀ wọn níbí, ọdún 1898 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, àwa Àgùdà kàn ń rọra bá wọn gbé e ni. Màmá ní, "Ìyá Ìbejì, o máa lọ gbàdúrà fọ́jọ́ mẹ́ta, o ò ní pariwo?" Mo ní ẹ jẹ́ ká ṣí Àwọn Ọba Kìíní orí 19, torí tó o bá fẹ́ bá ọmọ Onítẹ̀bọmi sọ̀rọ̀, Bíbélì ni kó o gbé jáde jàre. Ìjì ńlá jà, ilẹ̀ mì, iná jó, Olúwa ò sí nínú ìkankan, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló kẹ́yìn tí Èlíjà fi aṣọ bojú. Ó ní "ẹn-ẹn, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́," ló bá bú sẹ́rìn-ín, "àmọ́ ìwọ télọ̀ yìí, ṣé ẹnu ẹ lè dákẹ́ fọ́jọ́ mẹ́ta?" Èmi náà rẹ́rìn-ín o, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lára mi dòní.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ẹrù tí mo dì, ẹ máa rò pé Mẹ́kà ni mò ń lọ. Bíbélì méjì, ìwé àdúrà mẹ́rin, gààrí, kúlíkúlí, aṣọ mẹ́fà fún ọjọ́ mẹ́ta (télọ̀ ni mí, ẹ má bi mí). Mo ti pinnu pé màá ka gbogbo ìwé yẹn tán. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní mo jókòó ní ṣápẹ́ẹ̀lì, mo ṣí ìwé, oorun gbé mi lọ. Lọ́sàn-án, oorun. Nírọ̀lẹ́, níwájú Sákáráméǹtì Mímọ́ (búrẹ́dì Míísà táwa Àgùdà gbà pé ó ti di ara Jésù), mo tún sùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì, sístà àgbà kan ló dì mí lápá mú. Ojú tì mí, mo lọ bá Fadá, mo ní ó dà bíi pé ẹ̀ṣẹ̀ mi ló ń fa oorun yìí. Fadá bi mí pé ìgbà wo ni mo sùn wákàtí méje kẹ́yìn, mi ò rántí, ó ní kí n yáa lọ sùn. Ó ní Èlíjà yẹn, kó tó gbọ́ ohùn kankan, abẹ́ igi ló kọ́kọ́ sùn sí, áńgẹ́lì jí i, ó fún un ní àkàrà àti omi, ó jẹ, ó mu, ó tún padà dùbúlẹ̀, áńgẹ́lì tún jí i lẹ́ẹ̀kejì pé kó jẹun torí ọ̀nà ṣì jìn. Kò sẹ́ni tó bá a wí pé ó ń sùn.

Nítorí náà tọdún yìí, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń pa máṣíìnì lágogo mẹ́jọ alẹ́, kí n má baà lọ san gbèsè oorun níwájú Olúwa. Báàgì náà ti kéré. Bíbélì kan, róòsárì, nótúbúùkù, bírò, aago kékeré tó ń jíni torí fóònù máa wà ní pípa, ìró kan fún òtútù. Sílípáàsì, ẹ wá èyí tí kì í dún, ẹ gbọ́ tèmi, nínú ilé tí gbogbo èèyàn ti dákẹ́, sílípáàsì tó ń ṣe pá-pá-pá, bí ìlù ló ṣe máa ń rí. Ẹ má sì di nǹkan sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ máa tú u lóru, gbogbo ilé á jí. Àwọn ìbejì máa wà lọ́dọ̀ màmá mi, nọ́ńbà àwọn sístà sì wà lọ́wọ́ bàbá wọn, mo ní tílé ò bá jó kó má pè mí. Ó ní tí gáàsì bá tán ńkọ́? Mo ní èédú wà lẹ́yìn ilé.

Ìyẹn rọrùn. Èyí tó le ni ti ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ mọ Ignatius Mímọ́ ti Loyola, òun ni Póòpù Pius Kọkànlá fi ṣe alábòójútó rìtíríìtì lọ́dún 1922. Ọmọ ogun ni, ọta àgbá ló fọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ní Pamplona lọ́dún 1521, ó wá ń dùbúlẹ̀ nílé, ó ní kí wọ́n fún òun ní ìwé ìtàn àwọn jagunjagun tó máa ń kà, kò sí nínú ilé, ìgbé ayé Jésù àti tàwọn ẹni mímọ́ ni wọ́n rí fún un, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ẹ̀ ti yí padà. Kò kúkú múra rárá! Ó wá kọ ìwé kékeré kan nípa béèyàn ṣe máa ṣe rìtíríìtì, Póòpù Paul Kẹta fọwọ́ sí i ní 1548, odidi rẹ̀ máa ń gba nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́, tiwa ọjọ́ mẹ́ta kàn ń tọ́ ọ wò ni. Nínú ìwé yẹn, ó ní kó o mú ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tó ò ń bá jà, kó o fa ìlà méjì fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún àárọ̀ dọ̀sán, ìkejì fún ọ̀sán dalẹ́, iye ìgbà tó o bá ṣubú, kó o sàmì síbẹ̀. Tó o bá sì ṣubú, kó o gbọ́wọ́ lé àyà, kó dùn ọ́, ó lè jẹ́ láàárín èèyàn, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

Mo mú irọ́. Lẹ́yìn nótúbúùkù tí mo fi ń kọ méṣọ́ kọ́sítọ́mà ni mo fàlà sí. Ọjọ́ Ajé, kó tó di ọ̀sán, méje! "Aṣọ yín wà lórí máṣíìnì báyìí" (mi ò tíì gé e). "NEPA ló dá wa dúró" (iná wà). "Ẹ wá mú un lọ́la." Ọwọ́ mi ò kúrò láyà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Àǹtí, ṣé àyà ń dùn yín ni?" Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun fóònù dún, ọmọ yìí kan náà gbé e, èmi ń bẹ lábẹ́ fáànù níbẹ̀ tí mò ń jẹ máńgòrò, mi ò ṣẹ́jú sí i, mi ò rán an níṣẹ́, ló bá ní "Àǹtí ti jáde o, wọ́n lọ sọ́jà." Ó sọ ọ́ geere bí ẹni ka kátíkísímù. Máńgòrò ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Bàbá ẹ̀ ní kí n kọ́ ọ níṣẹ́.

Mo gbé nótúbúùkù jáde lálẹ́ yẹn, mo ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò tíì gé aṣọ yín. Mò ń lọ sí rìtíríìtì, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, tí ìyẹn bá pẹ́ jù, ẹ wá gbé e." Àwọn méjì ti wá gbé tiwọn. Ẹnì kan ṣépè. Ọ̀pọ̀ kàn dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní "ó dáa, ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ òótọ́," ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ó ku ẹnì kan. Léèsì Màmá Bọ̀lá, àwọ̀ wáìnì, láti oṣù kìíní, ìrọ́n ló jó o lẹ́yìn, mo ń wá irú ẹ̀ lọ́jà kiri mi ò rí. Tí wọ́n bá ti bi mí, "ó kù díẹ̀, Màmá," wọ́n á sì ṣàdúrà fún mi pé Ọlọ́run á fún mi lókun. Mo lè lọ sọ ọ́ fún Fadá níbi ìjẹ́wọ́, á dárí jì mí lórúkọ Ọlọ́run, àmọ́ mo mọ ohun tí Fadá máa bi mí: léèsì onítọ̀hún ńkọ́, ta ló máa san án? Ìjọ ò ní kéèyàn jẹ́wọ́ kó wá máa gbé nǹkan ẹlẹ́nìkejì pamọ́ sábẹ́ tábìlì.

Mo ti ka owó ẹ̀ sínú ẹ́ńfílópù, kò tíì pé, ìdajì ni. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá, iná wọn ṣì ń tàn, mò ń gbọ́ rédíò wọn. Ẹ jẹ́ kí n lọ kanlẹ̀kùn.