Kìlómítà 14 péré, àmọ́ ìgòkè ẹ̀ ńkọ́? Bá a ṣe ṣètò Franconia Ridge

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí Franconia Ridge lórí máàpù, ìyẹn àwọn òkè tó so kọ́ra ní New Hampshire l'Amẹ́ríkà, ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé ọ̀nà náà yípo, ibi tẹ́ ẹ gbé mọ́tò sí náà lẹ máa padà já sí, ó sì kúrú, bíi kìlómítà 14. Mo bá pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù torí àwa méjèèjì la jọ máa ń gun òkè, mo ní "Sister mi, kìlómítà 14 péré ni o, oòrùn ò ní tíì mú tá a máa fi parí ẹ̀." Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ìgòkè ẹ̀ ńkọ́?"

Mo lọ wò ó. Ó tó bíi 1,200 mítà. Mo dákẹ́.

Ìṣirò kan wà táwọn tó ń gun òkè ti ń lò tipẹ́, ará Scotland kan, William Naismith, ló gbé e jáde lọ́dún 1892: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kẹ́ ẹ tún fi wákàtí kan kún un fún gbogbo 600 mítà tẹ́ ẹ bá gùn. Tiwa já sí bíi wákàtí 5, àmọ́ ẹni tí ò dúró mumi, tí ò dúró jẹun, tó ń rìn lórí ilẹ̀ tó dáa nìyẹn wà fún, bẹ́ẹ̀ òkúta ló pọ̀ jù lọ́nà yìí. Wákàtí 8 la kọ sílẹ̀.

Ohun tó gbà wá lákòókò jù ni apá ibi tá a máa gbà yípo. Ọ̀nà méjì ló wà, Falling Waters Trail tó lọ sí orí òkè Little Haystack, àti Old Bridle Path tó lọ sí Greenleaf Hut, ilé táwọn tó ń gun òkè ti máa ń sinmi, téèyàn á sì ti ibẹ̀ gun Mount Lafayette. Èmi fẹ́ gba Old Bridle Path lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá, Falling Waters ń tẹ̀ lé odò lọ ni, ó sì ń gba inú odò kọjá lẹ́ẹ̀mélòó kan, àpáta ibẹ̀ tutù, ó ń yọ̀. "Àpáta tó bá ń yọ̀, kéèyàn gùn ún lọ sókè sàn ju kó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ, pàápàá tẹ́sẹ̀ bá ti rẹ̀ ẹ́." Mo gbà fún wọn.

Àmọ́ ó ní ibi tí ìyẹn gbé wa sí. Láti Little Haystack dé Lafayette, bíi kìlómítà 2.7, kò sí igi kankan, orí òkè gbalasa ni, tí àrá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sán kò síbi tẹ́ ẹ fẹ́ sá sí, ẹ̀yìn Lafayette sì ni Greenleaf Hut wà. Ìyẹn ni pé Little Haystack gan-an la ti gbọ́dọ̀ pinnu, kì í ṣe àárín ọ̀nà. A kọ ọ́ sórí bébà: tí aago 11 bá lù tá ò tíì débẹ̀, tàbí tójò bá ṣú, ká yí padà, kò sí àríyànjiyàn. Èmi gbà pé ìlà yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ètò wa, ó ju bàtà lọ, ó ju máàpù lọ.

Sátidé àkọ́kọ́ tá a mú, a ò lọ. Mount Washington Observatory máa ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí lórí àwọn òkè gíga agbègbè yẹn, wọ́n sì ní àrá ń bọ̀ lọ́sàn-án. A ti di báàgì tán. Ó dùn mí gan-an.

Sátidé kejì, aago 6:30 àárọ̀ la gbéra, lítà omi 3 nínú báàgì kálukú, tọ́ọ̀ṣì, máàpù bébà, jákẹ́ẹ̀tì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn ni. Cloudland Falls, omi tó ń dà wálẹ̀ láti nǹkan bíi mítà 24, ń ta sí wa lójú bá a ṣe ń kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀nà wá ga gan-an, gbòǹgbò igi la ń dì mú. Igi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, ó kúrú dé èjìká, ó kúrú dé orúnkún, ó tán.

Aago 10:20 la dé Little Haystack. Ẹ̀gbọ́n mi ò jókòó, wọ́n kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, wọ́n ń wo ojú ọ̀run fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, atẹ́gùn ń fẹ́ gèlè wọn. Wọ́n ní, "Wọ jákẹ́ẹ̀tì ẹ, ká lọ."

Mi ò lè ṣàlàyé orí òkè yẹn tán. Ọ̀nà tóóró láàárín, ilẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n to òkúta sí etí ọ̀nà káwọn èèyàn má bàa tẹ àwọn ewéko kéékèèké tó ń hù níbẹ̀. Mount Lincoln, 1,551 mítà, lẹ́yìn náà Lafayette, 1,600 mítà, níbi tí ìpìlẹ̀ ilé òkúta àtijọ́ kan ṣì wà, ẹ̀yìn ògiri ẹ̀ la sá pamọ́ sí fún atẹ́gùn tá a fi jẹun.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló pẹ́. Old Bridle Path ní àwọn àpáta tẹ́ ẹ máa ní láti fìdí wọ́ wálẹ̀, orúnkún mi ń gbọ̀n. Aago 3:25 la dé ìdí mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì tú bàtà tí wọ́n fi yọ bébà jáde, wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣirò wa: "Ìsọ̀kalẹ̀, fi ìṣẹ́jú 55 kún un."