Kóńgò ni wọ́n fi ń mọ onígbàgbọ́ lọ́jà

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ọjà kọ́ mi nípa ìgbàgbọ́. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni mò ń tà n'Íbàdàn, lápá Bódìjà. Sítíkà "Jésù ni Olúwa" pọ̀ lára ìsọ̀ wa níbẹ̀ dáadáa, àmọ́ kóńgò ni kọ́sítọ́mà ń wò.

Ẹni tó bá mọ ọjà á mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn kan máa ń fi òòlù lu ìdí kóńgò látìsàlẹ̀ títí tó fi máa wú wọnú, tẹ́ ẹ bá wò ó lókèèrè kóńgò náà ni, àmọ́ kò gba iye tó yẹ kó gbà mọ́. Wọ́n á wá wọn ọjà ọ̀hún kún téńté, wọ́n á bu ènì lé e, oníbàárà á máa dúpẹ́, bẹ́ẹ̀ owó ara ẹ̀ ló fi ra ènì yẹn. Ó máa ń dùn mí wọra, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹni yẹn náà ló ń pín ìwé àṣàrò kúkurú kiri ọjà.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ wàásù. Àràárọ̀ ló máa ń ki ọwọ́ bọnú kóńgò, á fọwọ́ pa ìdí ẹ̀ yíká kó tó tajà fẹ́nikẹ́ni, èyí tó bá ti wọnú, á ní ká gbé e sọ́tọ̀. Alhaja kan tó ń se oúnjẹ tà, ọmọ kékeré ló máa ń rán wá pẹ̀lú owó, kì í wá wo bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ara ọmọ Alhaja ò yá, ọ̀gá mi ló wá bá pé kó bá òun gbàdúrà. Mátíù 5:16, níbi tí Jésù ti ní kí ìmọ́lẹ̀ wa máa tàn káwọn èèyàn lè rí iṣẹ́ rere wa, ni mo rí lójú ara mi lọ́jọ́ yẹn.

Bíbélì ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rárá o. Òwe 11:1 ní ìwọ̀n èké ìríra ni lójú Olúwa. Sákéù nínú Lúùkù 19, bí Jésù ṣe wọlé ẹ̀ báyìí, owó ló sọ: ìdajì ohun ìní ẹ̀ fún tálákà, ẹni tó bá sì rẹ́ jẹ, á san án padà nílọ̀ọ́po mẹ́rin.

Kò rọrùn o. Kọ́sítọ́mà á kọjá yín lọ síbi tí wọ́n ti fi ọgọ́rùn-ún náírà dínwó lórí kóńgò tó ti wọnú. Ẹ jẹ́ kó lọ. Olóúnjẹ mọ iye àwo tí kóńgò kan ń bù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń padà, àwọn tí ò padà náà, Ọlọ́run ló ń bọ́ wa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ iṣẹ́, ẹ tún fi èyí kún un. Tí olówó tẹ́ ẹ jẹ ní gbèsè bá dé, tẹ́ ẹ wá ní kọ́mọ náà sọ pé ẹ ò sí nísọ̀, gbogbo àdúrà tẹ́ ẹ ti bá a gbà láàárọ̀ ti wọmi nìyẹn. Ẹ jáde sí olówó, ẹ bẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa san án fún un lójú ọmọ yẹn.