Àfín, oòrùn Òṣogbo àti àtúnṣe DNA

Mo máa ń gbọ́ ní Òṣogbo níbí pé ara àfín kò lè tún ara rẹ̀ ṣe bí oòrùn bá ti pa á, àti pé ìdí nìyẹn tí egbò fi ń pọ̀ lára wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Nígbà tí ìtànṣán ultraviolet, èyí tí ojú kò lè rí nínú oòrùn, bá wọ inú awọ, DNA inú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn okùn méjì tí a kọ ìlànà iṣẹ́ ara sí lórí bí lẹ́tà, máa ń gbà á mọ́ra. Bí àwọn lẹ́tà DNA kan, pàápàá thymine méjì, bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí okùn kan náà, ìtànṣán yìí lè lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí okùn náà sì wọ́ níbẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀ kí wọ́n tó tún ibẹ̀ ṣe, ó lè ṣi lẹ́tà kọ, àṣìkọ bẹ́ẹ̀ bá sì pọ̀, ó lè di jẹjẹrẹ.

Bakitéríà, ewéko àti ọ̀pọ̀ ẹja ní ẹ́ńsáímù (òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì) kan, photolyase, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ tú ohun tí ìmọ́lẹ̀ lẹ̀ pọ̀. Àwa ènìyàn kò ní in. Ọ̀nà tiwa gùn: pròtéìnì kan tó ń jẹ́ XPC àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ń wá ibi tó wọ́ kiri, àwọn mìíràn á tú okùn méjèèjì kúrò lára ara wọn, ẹ́ńsáímù XPF àti XPG á gé okùn tó bàjẹ́ níwájú àti lẹ́yìn, ẹ́ńsáímù polymerase á wo okùn kejì láti fi kọ òmíràn dípò rẹ̀, ẹ́ńsáímù ligase á sì so ó. Lẹ́tà méjì péré ló bàjẹ́, síbẹ̀ nǹkan bí 30 ni wọ́n ń gé dànù. Irú ìṣọ́ra yìí wú mi lórí púpọ̀. Aziz Sancar, ọmọ Túrkì, wà lára àwọn tó tú àṣírí iṣẹ́ yìí, òun, Tomas Lindahl àti Paul Modrich ni wọ́n sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́místìrì ní ọdún 2015.

Àwọn tí àtúnṣe yìí kùnà lára wọn wà lóòótọ́: àwọn tó ní àìsàn xeroderma pigmentosum ni, gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì James Cleaver ṣe fi hàn ní ọdún 1968. Ti àfín yàtọ̀. Àwọn ẹ́ńsáímù àtúnṣe rẹ̀ pé. Mẹ́lánìn, èròjà tó ń mú awọ dúdú, tí ì bá dí oòrùn lọ́nà ni kò tó. Iṣẹ́ ló pọ̀ ju òṣìṣẹ́ lọ. Ẹni tó bá ń tajà nínú oòrùn ní ọjà Ìgbọ̀nà lónìí lè ní púpọ̀ nínú ìbàjẹ́ náà lára títí di ọ̀la, nítorí pé irú ìbàjẹ́ tó wọ́pọ̀ jù máa ń pẹ́ ju ọjọ́ kan lọ kí ó tó kúrò tán, oòrùn ọ̀la yóò sì tún dé bá a.

Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìpara tí wọ́n fi ń bó ara máa bí mi nínú. Hydroquinone, èròjà kan nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀, ń dí ẹ́ńsáímù tí ara fi ń ṣe mẹ́lánìn lọ́wọ́, ẹni tí Ọlọ́run fún ní ààbò sì ń fi owó ara rẹ̀ bó o kúrò. Awọ dúdú pàápàá kì í dí gbogbo ìtànṣán lọ́nà, ká má tilẹ̀ sọ èyí tí a ti bó.

Fún òbí àti olùkọ́ tó ní ọmọ àfín lọ́dọ̀: fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀, aṣọ alápá gígùn, ìpara tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ oòrùn, àti kí wọ́n má ṣe mú un dúró sí pápá ní ọ̀sán gangan. Egbò tó bá sì kọ̀ tí kò jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ.